Omi Àlejò

À ń tọ etí odò lọ síbi òkúta tí èèyàn ti ń yọ̀ bọ́ sómi, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́.

"Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí nínú wa," ni Qamardeen, ọkọ mi, wí.

Sèlíátù, àbúrò mi, ló ń ṣáájú. Èmi ẹ̀gbọ́n aláàánú ni mo pọn ọmọ ẹ̀. Ó ní bàbá ọmọ ti sá lọ.

Màmá tó ń ṣọ́ odò bu omi lé mi lórí. "Àlejò kì í gun òkúta yìí láìgba omi."

"Màmá, ó ku àwọn méjì yìí," ni mo wí, mo nawọ́ sí Qamardeen àti Sèlíátù.

"Àwọn yìí? Tọkọtìyàwó tí mo bu omi lé lórí lọ́dún tó kọjá!"

Màmá kọjú sí Sèlíátù. "Ìyàwó, oyún ọjọ́sí ńkọ́? Kí lo bí?"

Èmi ni mo dá a lóhùn.

"Obìnrin ni, Màmá. Ẹ wò ó lẹ́yìn mi."