Obìnrin Tó Dógò Ti Mọ́símọ̀

Mọ́símọ̀, télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá obìnrin kan lórí àga tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń jókòó sí. Obìnrin náà ti dàgbà díẹ̀, ó fi ìborùn dúdú borí, ó gbé àpò lé itan.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán?"

"Rárá. Abibatou ni wọ́n ń pè mí. Mo wá jókòó ni."

Àyà Mọ́símọ̀ já. Ó mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Láyé àwọn bàbá wọn, ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó á rán ológò síwájú ilé onígbèsè. Ológò á máa jẹ, á máa mu lọ́rùn onígbèsè, kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá sanwó. Ológò méjì kì í pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan; ẹni tó bá dé kẹ́yìn á padà sílé ni.

Owó tó yá lórí pọ́táábù, fóònù rẹ̀, ló fà á. Ilé-ìwé ní owó iṣẹ́ Mọ́símọ̀ á di òpin oṣù, ibà sì dá Djamila, ọmọ rẹ̀, dùbúlẹ̀. Mọ́símọ̀ tẹ pọ́táábù, ilé-iṣẹ́ kan tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sì fi owó ránṣẹ́ kíá. Kó tó rówó oṣù gbà, èlé ti ju owó tó yá lọ. Wọ́n pè é lólè nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí pọ́táábù rẹ̀, títí kan lèmọ́mù àti àna rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè lọ kírun Jímọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹnì kan ń bọ̀ wá jókòó tì í, títí wọn yóò fi rí máṣíìnì rẹ̀ gbé.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ òfin," Faïzath, ìyàwó rẹ̀, ti sọ fún un.

"Kí n tún gbé ìtìjú mi lọ sílé-ẹjọ́? N ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, ìyá Djamila."

Abibatou jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Faïzath gbé ẹ̀kọ àti ẹja dídín fún un, ó sì bu omi tútù tì í.

"O tún ń bọ́ ẹni tó wá kó wa nílé!"

"Àlejò ni," Faïzath ní, ó wọlé lọ.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin méjì gun alùpùpù dé, ọ̀kan ká ẹní mọ́ abíyá. Mọ́símọ̀ sá sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó rí i tí wọ́n bá Abibatou sọ̀rọ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì yípadà. Ó gbà pé wọ́n wá wò ó ni, bóyá òṣìṣẹ́ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù wá bà á gidi.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Èló ni kí n mú wá kẹ́ẹ tó dìde?"

"Èmi ò bèèrè owó lọ́wọ́ yín, Bàbá Djamila."

"Kí lẹ wá ń bèèrè?"

"Ẹ máa ránṣọ yín. Ẹni tí ò ní ìwé adájọ́ lọ́wọ́ ò lè gbé nǹkan kan nílé yín. Adájọ́ gan-an, kì í jẹ́ kí wọ́n gbé irinṣẹ́ téèyàn fi ń jẹun. Èlé tó bá sì ju ti òfin lọ, wọn ò lè fi dandan gbà á."

Mọ́símọ̀ wò ó. Ta ló ti rí ológò tó ń kọ́ onígbèsè lófin? Ó dá a lójú pé wọ́n fẹ́ kó túra sílẹ̀ kí wọ́n lè wá kó ilé rẹ̀ lójijì. Oorun ò kùn ún.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi gbé máṣíìnì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ sọ́dọ̀ Bouraïma, télọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Akron. Iye tí Bouraïma fún un ò tó ìdajì ohun tó yẹ, àmọ́ ó ká gbèsè àti èlé. Ojú ẹsẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Oníbàárà Bouraïma kan láti Cotonou ti ń dúró de irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀. Ìṣojú Mọ́símọ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sínú ọkọ̀ lọ. Ó sunkún lójú ọ̀nà, kò bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Nígbà tó délé, Faïzath ò sí níbẹ̀. Abibatou wà lórí àga.

"Ẹ dìde, ìyá," Mọ́símọ̀ ní. "Mo ti ta máṣíìnì, mo ti san gbogbo ẹ̀, àti owó àti èlé. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó rán yín."

Obìnrin náà káwọ́ lérí, ó ní, "Yéè, Bàbá Djamila, ìyàwó yín ló bẹ̀ mí kí n wá gba àga yìí, kí n má sì sọ fún yín torí ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́, kí ológò tiwọn má baà ríbi jókòó títí òun á fi ti ilé-ẹjọ́ dé."