Ewéjẹ́ Ṣílẹ̀kùn Odi

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Arẹ̀mú fi ja ogun inú géèmù kan dé odi tó kẹ́yìn, níbi tí òun àti ọmọ ogun rẹ̀ há mọ́, tí ọ̀tá sì dó síta. Nínú gbogbo ọmọ ogun tó ń darí, Ewéjẹ́, obìnrin tó ń wo ọgbẹ́, ló fẹ́ràn jù. Ó ti jẹ́ kí tafàtafà méjì kú kí ọfà má baà ba obìnrin náà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí Ewéjẹ́ wá wo balógun tó ń kú lọ. Kò wá. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹsẹ̀ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń rìn níta yẹn?" Tinúadé àbúrò rẹ̀ béèrè láti yàrá.

"Mo jókòó síbí, jàre."

Ó tún tẹ páàdì tó fi ń darí géèmù. Ewéjẹ́ tún sún síwájú. Ẹsẹ̀ tún dún, ó ń lọ sápá ilẹ̀kùn ìta. Ọ̀rọ̀ náà dun Arẹ̀mú bí ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ tà.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" ló pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ewéjẹ́ ti dé ẹnu odi. Ó yíjú padà, ó wò ó tààrà. Ẹnu rẹ̀ ò mì, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin kan dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì:

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró níta."

Arẹ̀mú sì gbọ́ tí ẹnìkan ń fa irin tí òun fi há ilẹ̀kùn ìta yọ, láti inú ilé.