Ihò Ẹ̀yìnkùlé Onígbàjámọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wolé-wolé fẹ́ wá yẹ ilẹ̀ wò, onígbàjámọ̀ ti jí kí àkùkọ tó rántí pé òun lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé fún ìyá tó bí i, kí màmá lè kó wá, kí wọ́n jọ máa gbé títí ayé. Òfin sì ni pé ilẹ̀ tí ò bá fa omi mu dáadáa fún sókàwéè, ihò tí ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbádùn ayé onígbàjámọ̀ ṣe wá dúró sórí ihò kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti fi dán ilẹ̀ wò.

Ahọ́n àna rẹ̀ mú ju gbogbo abẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Nígbà tó wá kí wọn kẹ́yìn, ó rí wí sí bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń jẹun, ó rí wí sí bó ṣe ń rìn, ó rí wí sí bó ṣe ń hanrun. Kó tó lọ, ajá ilé gan-an ò gbó mọ́. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ tún gbígbó rẹ̀ ṣe.

Màmá dé pẹ̀lú báàgì kékeré, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó jókòó. Wolé-wolé da omi kún ihò náà, ó ki igi tó sàmì sí lára bọ̀ ọ́.

"Tí mo bá padà dé," ó ní, "tí omi yìí ṣì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ò mọ̀lé lọ, ilẹ̀ yín ò dáa nìyẹn. Ìgbẹ́ yín máa wá bá yín ṣeré ní pálọ̀."

"Tó bá wá yá gbẹ jù ńkọ́?" màmá bi í.

"Ìyẹn náà ò dáa, Mà. Ìdọ̀tí á kàn sáré wọnú kànga ni. Àárín méjèèjì là ń wá."

"Tó bá yá jù, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ́lé?"

"Búlọ́ọ̀kù kan ò ní dórí ẹ̀, Mà."

"Ẹ ṣeun. Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

Ìyàwó onígbàjámọ̀ ń rẹ́rìn-ín káàkiri. "Mọ́mì, ibo lẹ fẹ́ kí fèrèsé yín kọjú sí?"

"Fèrèsé wo? Jẹ́ ká gbọ́ ti ilẹ̀ ná."

Oòrùn ń jó bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Wolé-wolé lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé, ìyàwó gbé omi tútù tẹ̀ lé e. Onígbàjámọ̀ wọ ilé ìdáná, ó yọjú lójú fèrèsé.

Ó rí àna rẹ̀ tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó mú kọ́ọ̀bù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi inú ihò dà sí ẹ̀yìn ògiri bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ń rì.

"Hà! Ìyá yìí fẹ́ kó dà bíi pé ilẹ̀ ń mu omi, kó fi èrú wọlé tì mí!"

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó pariwo: "Mọ́mì! Ọmọ yín ń pè yín níwájú!"

Màmá lọ. Onígbàjámọ̀ da omi sí ihò, ó sá wọlé.

Màmá padà dé, ó wo inú ihò, ó wojú ọ̀run. Ó pòṣé. "Irú ilẹ̀ wo nìyí, tó ń pọ omi?" Ó tún mú kọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì! Fóònù yín ń dún nínú yàrá!"

Ó lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tún dé. Ó padà, kọ́ọ̀bù tún bẹ̀rẹ̀. Omi tó wọ ihò yẹn, tó tún jáde níbẹ̀, ó tó fi fọ aṣọ odindi bárékè. Ẹ̀yìn ń dun onígbàjámọ̀, ṣùgbọ́n ó ń rántí ọ̀rọ̀ híhanrun yẹn, agbára sì ń dé.

Wolé-wolé padà wá. Ó lóṣòó, ó wo igi rẹ̀, ó wo aago, ó tún wo igi.

"Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," ni wolé-wolé wí, "mi ò tíì rí ilẹ̀ tó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ báyìí. Kò yá jù, kò pẹ́ jù. Ẹ lọ pe bíríkìlà!"

Ìyàwó fò sókè, ó dì mọ́ wolé-wolé, ó sáré wọlé lọ tẹ bíríkìlà láago. Wolé-wolé kó igi rẹ̀, ó lọ. Onígbàjámọ̀ fi ipá rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ kú oríire o."

Màmá wo ṣòkòtò rẹ̀ tó rin gbingbin, ó fà á lọ́rùn aṣọ mọ́ra, ó sì rọra sọ sí i létí pé, "Ọ̀dẹ̀! Gbogbo omi tí mò ń gbọ́n dànù kó lè yá jù, kí n má baà wá bá ẹ gbé, ta ló ní kó o máa dà á padà?"