Òfin Bàbá Ignace Létí Odò

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1964, odò kún bo gbogbo òkúta tí àwọn ará ọ̀nà Akofodjoulè máa ń tẹ̀ sọdá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé èèyàn kọjá. Ẹni tó ń pàṣẹ létí omi ni Bàbá Ignace, arúgbó tó ti ṣe sójà Faransé rí, tó sì mú fèrè wọn bọ̀ wálé. Òun ló ń sọ ibi tí wọ́n á so ọkọ̀ mọ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ á dúró, ibi tí mọ́tò á dúró, àti ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀.

Eustache dé síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú agbádá funfun, ewúrẹ́ kan, Perpétue ìyàwó rẹ̀, àti mọ́tò tó yá lọ́wọ́ Àyìndé, oníṣòwò kan ní ọjà Dassa. Àyìndé fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò náà. Láti ọjọ́ Ajé ni Eustache ti ń pariwo mọ́tò yìí káàkiri ọjà, débi pé ẹni tí kò bá gbọ́, adití ni.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló wá mú. Théodore ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì láìní obìnrin nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tọrọ ìyàwó fún un, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì já sí òfo. Eustache wá dìde láàárín ẹbí ní Lèma, ìlú wọn, ó lu àyà pé ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, òun fúnra òun á mú un délé. Àlùfáà Àgùdà tó ń wá sí Lèma lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti ń retí wọn. Bí aago mẹ́rin bá lù tí kò rí ìyàwó, á gun alùpùpù rẹ̀, á máa lọ, Lèma á sì fi Eustache ṣe ẹlẹ́yà di àmọ́dún.

Odette ni ìyàwó ń jẹ́, ilé wọn wà lódìkejì odò. Théodore kò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí, nítorí ẹbí ló ń fẹ́ ìyàwó fún ọkùnrin ní tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Eustache náà rí ọmọ náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dorí kodò, kí Eustache sì tó mọ ohun tí òun ń wò, wọ́n ti ní kó wọlé. Irun orí rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Fèrè dún kí Àyìndé tó pa mọ́tò. Bàbá Ignace ní ibẹ̀ yẹn, ti kẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n sún un. Fèrè tún dún, ó ní ibẹ̀ làwọn obìnrin ń sọ ẹrù iṣu sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, arúgbó náà bọ́ síwájú, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń ju ọwọ́, títí mọ́tò fi kọ ẹ̀yìn sí odò tí imú rẹ̀ sì kọjú sí ojú ọ̀nà.

“Awakọ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀,” ó ní. “Òfin ni.”

Eustache béèrè ẹni tó ṣòfin. Bàbá Ignace ní òun bá a níbẹ̀ ni. Inú bí Eustache gan-an, ṣùgbọ́n ta ló ń bú ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkọ̀ ọ̀hún sì wà lódìkejì. Oòrùn ń gòkè, Eustache ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ewúrẹ́ sì fara balẹ̀ jẹ etí agbádá rẹ̀. Perpétue rí i, kò sọ fún un.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, àwọn obìnrin sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó di obìnrin kan mú. Aṣọ tó nípọn bo obìnrin náà láti orí dé ojúgun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n fún osùn.

Bàbá Ignace fọn fèrè. “Ẹni tó sọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí ilẹ̀ ò bá ṣófo, ọkọ̀ ò ní padà.”

Àwọn ẹlẹ́rù lọ. Àwọn méjì yìí dúró. Bàbá Ignace ṣàlàyé pé Nicolas, ọmọ ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Parakou, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní obìnrin yìí kò lè fẹsẹ̀ rìn dé Paouignan lójú títì, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sókè á sì kọjá lọ́sàn-án.

Perpétue tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà. “Bàbá Valentine,” ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, “osùn tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí...”

Eustache ní kó dákẹ́. Òun tó ti bí ọmọ mẹ́fà, ta ló fẹ́ kọ́ òun nípa osùn aláboyún? Ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Bàbá, ṣé ó ń rọbí ni?”

“Kò tíì débẹ̀ o,” ni Bàbá Ignace wí. “Ṣùgbọ́n bí kò bá tètè dé títì, ọ̀rọ̀ á burú.”

Perpétue tún wo ẹsẹ̀ náà, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé.

Eustache rò ó. Bí àwọn méjì yìí kò bá lọ, ilẹ̀ kò ní ṣófo, mọ́tò á sì kàn jókòó lásán títí òun á fi dé. Àánú tún ṣe é, lóòótọ́. Ó ní kí wọ́n wọ mọ́tò òun. Nicolas dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tútù, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Eustache ló fà á dìde. Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀, Eustache ní kò gbọdọ̀ dán an wò nínú irú ipò tó wà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kìlọ̀ fún Àyìndé pé kó rọra níbi kòtò. Bàbá Ignace ní kó má rọra.

Nígbà tí eruku wọn rọlẹ̀, arúgbó náà bẹ́rí fún Eustache bíi sójà. “Ilẹ̀ ti ṣófo,” ó ní, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú wọnú ọkọ̀.

Lórí omi, Eustache ń sọ bí Ọlọ́run ṣe máa ń san oore. Perpétue ní òun rò pé ẹ̀san ọ̀hún kò ní pẹ́ rárá.

Ní ilé ìyàwó, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Àwọn obìnrin ti ń fọ ìkòkò. Eustache tún agbádá tí ewúrẹ́ ti jẹ ṣe, ó ní àwọn ará Lèma ti dé láti wá mú ìyàwó wọn. Ìyá Odette jáde, ó kúnlẹ̀, ẹ̀rín àti omijé wà lójú rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, bàbá,” ó ní, “a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin náà ṣì ń bọ̀, nígbà tí Théodore àbúrò yín gíga yẹn ti wá mú Odette láàárọ̀ yìí, tó ní mọ́tò yín ti ń dúró de àwọn létí odò.”