Ta Lẹ Máa Bá Mu Ún?

Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Láti ìgbà tí Adéníran ti fi ìgò wáìnì kan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Mopélọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ò ti sùn dáadáa mọ́. Ta ló rà á fún? Ṣé Fadékẹ́mi, àfẹ́sọ́nà Adéníran àtijọ́, kọ́ ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú wọn yìí, tó fẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà lọ gbafẹ́?

Ìgò kan péré ni òfin gbà kí èrò kọ̀ọ̀kan gbé wọlé. Irọ́ ò sì ṣeé pa fún ilẹ̀kùn ọkọ̀, torí ó ń gbọ́ bí àyà èèyàn ṣe ń lù.

"Ta lẹ máa bá mu ún, sà?" ilẹ̀kùn bi Adéníran.

"Ìyàwó mi ni. Ọdún ìgbéyàwó wa ló pé lọ́la."

Iná àwọ̀ ewé tàn. Ara tu Mopélọ́lá pẹ̀sẹ̀, ó sì ti báàgì tirẹ̀ síwájú. Ìgò ọkọ ti gbà á lọ́kàn débi pé kò rántí èyí tó wà níbẹ̀.

"Ìgò yín ńkọ́, mà? Ta lẹ máa bá mu ún?"

"Ọkọ mi ni."

Iná pupa tàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárúkọ ẹni náà gan-an."

Adéníran rọra gbé ìgò tirẹ̀ sílẹ̀. "Dá a lóhùn, Mopé. Èmi náà ń gbọ́."