Ìbò Ọwọ́-mi-mọ́

Ọwọ́-mi-mọ́ ni àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn, níbi tí oníbàárà kì í dé àfi tó bá ṣìnà. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ kí alága ẹgbẹ́ aránṣọ nílé ló ń gba ṣọ́ọ̀bù iwájú. Nígbà tí ìdìbò dé, Ọwọ́-mi-mọ́ jáde láti bá alága du ipò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó wí fún wọn ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, "àwa la sọ àwọn olórí wa di olè. Bí a bá kọ̀ láti gba ohun tí wọ́n fi ń ra ìbò wa, ta ni wọ́n fẹ́ fún?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Obìnrin kan tiẹ̀ nu ojú. Alága gan-an pàtẹ́wọ́.

Inú páálí òwú ni wọ́n dìbò sí. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú gbogbo èèyàn. Alága ní méjìlélógójì, Ọwọ́-mi-mọ́ ní ẹyọ kan.

"Ó kéré tán, ó fẹ́ràn ara ẹ̀," ni àgbà aránṣọ kan wí, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Ọwọ́-mi-mọ́, ó ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

"Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mejì la kà á," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Èmi dìbò fún ọkọ mi, ọkọ mi dìbò fún ara ẹ̀. Ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kan, ṣé ó ti di ọ̀kan ni? Ẹ ti jí ìbò wa, mi ò sì ní gbà."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra ń nù ún.

"Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, a máa tún ìdìbò ṣe látìbẹ̀rẹ̀," ó wí. "Kí ọkọ yín ṣáà sọ fún wa pé òun dìbò fún ara òun."

Gbogbo ojú yí sí Ọwọ́-mi-mọ́. Ó fa ìyàwó rẹ̀ láṣọ.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé wo? Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ fún wọn."

Ó tún fa ìyàwó rẹ̀ láṣọ, torí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni alága ti fún un ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, òun náà sì ti rò ó pé nínú gbogbo èrò tó máa dìbò fún òun, ẹyọ kan tí òun bá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ alága kò lè pa òun lára.