Igi tí Oiva Gbìn

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé èyí tó kẹ́yìn nínú igi Oiva, Taisto ò lè jẹun àárọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìgégi tó ń han ní òdìkejì ọ̀nà, nínú ọgbà Hilkka, títí ariwo náà fi dáwọ́ dúró. Ó ti pinnu pé òní lòun máa sọ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Hilkka ló kù tó ń béèrè bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ó jẹun. Ó mọ̀ pé tóun bá ti lanu sọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn náà lè parí.

Àádọ́ta igi kuusi ni, igi gíga tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, tí kì í wọ́wé. Oiva, ọkọ Hilkka, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n sáàárín ilé àti adágún lọ́dún tí wọ́n kọ́lé. Wọ́n ga, wọ́n sì dí débi pé Hilkka ń tan iná nílé ìdáná lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù kẹfà tí oòrùn kì í fẹ́ẹ́ wọ̀. Nígbà tí Oiva ń kú lọ, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní kó búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gé igi òun kankan tó bá ṣì wà láàyè. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa ìbúra yẹn lábúlé.

Nígbà òtútù ọdún tó kọjá, Taisto gé ogún kuusi nínú igbó tirẹ̀, ó tò wọ́n jọ tèèpo-tèèpo sẹ́bàá ọ̀nà, ó kọjú sí ẹnu ọgbà Hilkka. Irú igi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí oṣù keje tó dé ìdajì. Òfin ni. Kòkòrò kan wà, kò tó hóró ìrẹsì, abẹ́ èèpo igi tí wọ́n gé ló máa ń yé sí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sì dàgbà tán, igi tó wà lóòró ni wọ́n ń fò lọ bá.

Taisto ò gbàgbé. Ó ti so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ katakátà lọ́jọ́ tí Hilkka gbé kọfí àti búrẹ́dì aládùn wá bá a lẹ́bàá ọ̀nà.

"Taisto, ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ yẹn náà lo fẹ́ fi gbé gbogbo èyí?"

"Màmá, ọjọ́ ti ń lọ. Kòkòrò ò ní dúró dè mí."

"Kòkòrò wo? Ta ló fẹ́ wá wò ó? Jókòó jàre. Ẹ wo ọkùnrin yìí, ó fẹ́ẹ́ kú sábẹ́ ìtì igi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, iṣẹ́ koríko wọlé dé, nígbà tó sì máa padà sídìí igi náà, oṣù kẹjọ ti ń parí lọ. Gbogbo èèpo rẹ̀ ti lu wẹ́wẹ́ bí asẹ́.

Ọdún yìí, igi Oiva bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lókè. Kí oṣù keje tó parí, gbogbo àádọ́ta náà ti gbẹ. Àwọn obìnrin abúlé wá ń kí Hilkka bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó ń dá wọn lóhùn, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Taisto ń gbé ẹja lọ fún un ní gbogbo Sátidé, ó ń la igi ìdáná rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn sì ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá ń dúpẹ́.

"O ò mọ oore tí o ṣe mí," Hilkka sọ fún un lọ́jọ́ kan, kò sì wo ojú rẹ̀. Taisto sáré jáde lọ sídìí igi ìdáná.

Nígbà tó wọlé lónìí, iná ò sí nílé ìdáná. Hilkka ti gbé àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì tábìlì, ó kọjú sí fèrèsé.

"Màmá, èmi ni mo pa igi bàbá. Inú igi tí mi ò kó kúrò lẹ́bàá ọ̀nà làwọn kòkòrò yẹn ti wá."

Hilkka bu kọfí fún un.

"Ẹ bú mi," Taisto ní. "Ẹ lé mi jáde. Ẹjọ́ mi ni."

"Kí ni mo fẹ́ lé ẹ fún? Wo omi yẹn. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń gbọ́ ọ nínú ilé yìí, tí mi ò rí i."

"Mi ò lè dárí ji ara mi, Màmá."

Hilkka gbójú kúrò lára omi, ó sì wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá: "Mo búra fún Oiva pé wọn ò ní gé igi rẹ̀ láàyè, mi ò sì lè da ìbúra; ohun tí mo ṣe gbé kọfí wá bá ẹ nìyẹn, kí o má baà kó igi tìẹ kúrò lẹ́bàá ọ̀nà."